Aṣọ Tí Mo Rán Fún Imú Àdúgbò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, àwọn ọmọ méjì tí mo fi ọmú kan náà tọ́ yóò ti di ọ̀tá ara wọn. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà mi á ti sọ ọ́ dorin kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Ìwé ò lẹ́nu. Òun ni n ó máa sọ fún.

Lánàá, Àkọ́bí wá jẹun lọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Aṣọ iṣẹ́ ilé ayọ́rin, níbi tó ti ń bá wọn yọ́ irin, ló wọ̀ wá, lọ́jọ́ ìsinmi! Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ló ń fi aṣọ náà bá wí. Àbíkẹ́yìn náà ò sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó ní kí àwo oúnjẹ wá àyè fún ara wọn.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "ṣé áàpù tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lo ń ṣe lójú mi báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ yín ni mo fẹ́ lé lọ, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ikọ́ yẹn ló ń sanwó iná tí o fi ń tẹ kọ̀ǹpútà."

"Ẹ jẹ́ n wà lókùnkùn nígbà náà."

Mo ní kí wọ́n jẹ ìrẹsì kó tó tutù. Ohun tí ìyá máa ń sọ nìyẹn bí kò bá mọ ohun tí yóò sọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

A ti kọ́ àwọn ẹ̀rọ áàpù Àbíkẹ́yìn sára ilé káàkiri. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, ọ̀kan ò ju páálí tíì lọ, fáànù kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Àbíkẹ́yìn ní orúkọ gígùn kan tó ń pè é. Imú lèmi ń pè é. Ibi tí a bá gbé e kọ́, á máa ka èéfín àti eruku ibẹ̀, á sì máa fi ohun tó kà ránṣẹ́ sínú áàpù. Àdúgbò wa wà nínú áàpù yẹn látòkèdélẹ̀, òpópónà tín-ín-rín bí òwú, ilé tó ní Imú sì ní àmì róbótó kan lórí. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá dáa, àmì náà á ní àwọ̀ ewé. Bí kò bá dáa, á pupa.

"Màámi, ẹ fi ìka fà á sẹ́yìn, ẹ máa rí àárọ̀ òní."

Mo fà á. Mo rí ìgbà tí wọ́n dáná nílé ayọ́rin. Pupa bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì wọn, ó gba ilé Oníbúrẹ́dì, ó gba ilé ìwé, ó gba ṣọ́ọ̀bù Alágogo tó ń tún aago ṣe, ó dé orí ṣọ́ọ̀bù mi, díẹ̀díẹ̀, bí aró ṣe ń mu aṣọ. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo ti ń nu eruku kúrò lórí tábìlì, n kò rí ọ̀nà tó ń gbà wọlé rí. Mo tún fà á. Mo tún fà á. Àbíkẹ́yìn ní kí n dá fóònù òun padà.

Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù nínú wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e lọ fún ní ilé àwọn òṣìṣẹ́, lẹ́bàá ògiri ilé ayọ́rin. Mo rò pé Àkọ́bí yóò sọ ọ́ lù ú. Ó gbà á. Ó ní, "Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni o, níbi tí ọ̀gá mi ò ti ní rí i. Nítorí Màámi ni mo ṣe gbà á, kì í ṣe nítorí tìẹ."

Àìkú, 9

Àkọ́bí ò wá jẹun.

Ọjọ́rú, 12

Òwú ti gbówó lórí. Sípù ti gbówó lórí. Epo maṣíìnì, àfi kéèyàn máa fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì gbówó lórí ni èéfín. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in fún wa.

Lánlọ́ọ̀dù wá nítorí Imú tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ ń fi ilé mi ṣe ẹlẹ́rìí."

"Bàbá, ilé yín ti ń jẹ́rìí tipẹ́. Ẹ fi ọwọ́ nu ògiri yẹn wò."

Ó nu ún. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò ṣòkòtò. "Owó ilé á lé sí i lóṣù tó ń bọ̀."

Mo ní kó lé. Imú ò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹtì, 14

Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ilé ayọ́rin fẹ́ dá iná kejì tí wọ́n á fi máa yọ́ irin, sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ìwé gan-an. Ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó lé e lórí lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tí àdúgbò wa ní láti gbé lọ síwájú wọn ni áàpù Àbíkẹ́yìn. Ọmọ tó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, tí àwọn ẹbí ní ó ti ya wèrè. Bí wọn ò bá gba áàpù náà gbọ́, iná kejì ti tàn nìyẹn, ọmọ mi á sì di ẹni ẹ̀sín.

Lọ́la ló ń rìnrìn àjò, ọ̀sẹ̀ méjì, láti lọ kọ́ bí áàpù náà ò ṣe ní wó bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì nínú àwọn Imú kú lánàá, ó jókòó tì wọ́n títí tó fi jí wọn.

"Eruku ló ń pa wọ́n, Màámi. Bí wọ́n bá tún kú, àwọn ìgbìmọ̀ á ní iṣẹ́ mi ò pé."

Ojú mi ti wà lára àjákù láínìnì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí à ń rán sínú aṣọ, tó wà lórí pẹpẹ.

Ajé, 17

Mo ti ran ọmọ mi lọ́wọ́!

Láínìnì funfun ni, èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ ìyàwó tí mo rán níjelòó. Mo ṣe é ní ìlọ́po méjì, mo fi rọ́bà sí i lẹ́nu, mo rán mẹ́rìndínlógún. Mo fi òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run kọ orúkọ onílé sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ONÍBÚRẸ́DÌ, ALÁGOGO, TÍṢÀ ÀGBÀ. Ta ni kì í bo ohun tó níyì? Tẹlifíṣọ̀n wà lábẹ́ aṣọ, ìkòkò omi wà lábẹ́ ọmọrí, maṣíìnì mi náà ní ìbora tirẹ̀. Ni mo bá ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń wọ̀ ọ́ fún wọn.

"Ìyá Aránṣọ," ni Alágogo wí, "ẹ ti sọ ẹ̀rọ diyàwó. Ó ku kí ẹ wá gba owó orí rẹ̀."

Ẹnu géètì ni mo ti fún Àkọ́bí ní tirẹ̀. Ó yẹ orúkọ tó wà lára rẹ̀ wò, ÀKỌ́BÍ, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tó ń fẹjọ́ mi sùn náà rí ìyá tó ń ránṣọ fún un." Kó tó rẹ́rìn-ín tán, ikọ́ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí tó fi wúkọ́ tán. Ó ní kí n máa lọ, pé àwọn èèyàn ń wò.

Àbámẹ́ta, 22

Àbíkẹ́yìn pè mí láti ibi tó wà.

"Màámi, ṣé wọ́n ti pa iná ilé ayọ́rin ni?"

"Wọn ò pa á o. Èéfín rẹ̀ dúdú bí ìkòkò."

"Àwọ̀ ewé ni gbogbo ilé nínú áàpù láti ọjọ́ Ajé. Gbogbo wọn! Ó ń yà mí lẹ́nu."

Mo ní bóyá Ọlọ́run ló ṣàánú wa. Ó ní òun á yẹ iṣẹ́ òun wò, bóyá òun ló ṣàṣìṣe. Mo gbàdúrà fún un. N kò sọ̀rọ̀ aṣọ. Mo fẹ́ kó bá a lójijì, kínú rẹ̀ dùn.

Ìṣẹ́gun, 25

Ilé ayọ́rin ti gbé pátákó ńlá kan síwájú géètì. Áàpù ọmọ mi ni wọ́n yà sí i, gbogbo àmì àwọ̀ ewé, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: ÁÀPÙ ÀDÚGBÒ FÚNRA RẸ̀ JẸ́RÌÍ PÉ AFẸ́FẸ́ WA MỌ́.

Agbẹnusọ wọn, èyí tí a ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Táì nítorí pé kì í bọ́ táì nínú ooru, yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ kú ọmọ rere, mà. Ó ti bá wa ṣe é." Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo gún ara mi lábẹ́rẹ́ níka.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Àbíkẹ́yìn dé. Àpò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó gbójú sókè wo ògiri.

"Màámi, kí nìyẹn?"

"Aṣọ ni. O ní eruku ń pa wọ́n."

"Ìgbà wo lẹ wọ̀ ọ́ fún un?"

"Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí o lọ."

"Èyí nìkan ni?"

"Gbogbo wọn ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Mo fi orúkọ sí i."

Ó jókòó lórí àpò rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá títì. "Màámi, eruku yẹn gan-an ni mo ní kí wọ́n máa kà. Ta ní í fi aṣọ dí imú ẹni tó fẹ́ gbóòórùn?"

Ilẹ̀ ì bá lanu gbé mi. Mo rántí pátákó, mo rántí ẹ̀rín Ọ̀gbẹ́ni Táì. Ọwọ́ mi ló gbé pátákó yẹn ró. Ni mo bá gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sunkún ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹ tún wá fi rọ́bà sí i lẹ́nu!"

A bọ́ gbogbo wọn kí oòrùn tó wọ̀.

Ajé, 3

Pupa ti padà sínú áàpù. Ọ̀gbẹ́ni Táì sì ti gbọ́. Ohun tó ń sọ kiri ni pé, "Lánàá àwọ̀ ewé, lónìí pupa. Ọmọ yẹn ń fi ọ̀dà ṣeré ni. Ó rí i pé ìpàdé kù sí dẹ̀dẹ̀." Àwọn kan nínú àdúgbò náà ti ń fi ìfura wò wá.

Oníbúrẹ́dì ní kí n fọ àwọn aṣọ náà kí n kó wọn fún òun, pé wọ́n á dáa fún sísẹ́ ìyẹ̀fun. Mo pọn omi, mo da ọṣẹ sí i. Mo mú àkọ́kọ́, ti ilé ìwé, mo fẹ́ rì í. Láínìnì tí mo gé ní funfun báláú! Ó ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, pàápàá níbi tí fáànù ti ń fà á.

Kí ni mo fẹ́ fọ̀ gan-an?

Mo da omi náà nù. Mo sá wọn sórí okùn bí wọ́n ṣe rí, àfi ti Àkọ́bí, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá rí wọn. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn dé, ó dúró tì wọ́n pẹ́. Ó ká wọn, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, bí àwọn ilé náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn gẹ́lẹ́. Èyí tó jìnnà sí ilé ayọ́rin rí bíi tíì oníwàrà. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń dúdú sí i.

"Màámi," ó ní, "ẹ wò ó. Bó ṣe rí nínú áàpù náà nìyí."

Ìṣẹ́gun, 4

Ó ti ya fọ́tò wọn sínú áàpù, láìfi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún un. Bí o bá fi ìka kan àmì ilé kan báyìí, aṣọ ilé náà á yọ. Ó sì fi ìlà bàìbàì sábẹ́ àwọn ọjọ́ tí aṣọ wà lójú Imú. Ó fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "Kọ ọ́ pé ìyá rẹ ló ṣe é. Kọ ọ́ pé aránṣọ ni."

"Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí wọ́n fi mí ṣe é. Ẹni tó ṣi iṣẹ́ ṣe nítorí ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ ò jalè. Àwọn tó ń da èéfín lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ṣé ojú ti tì wọ́n?"

Ó kọ ọ́.

Ẹtì, 7

Aṣọ Àkọ́bí ló dúdú jù. N kò tíì sọ ọ́ níbí nítorí n kò fẹ́ wò ó. Fèrèsé yẹn ni orí rẹ̀ máa ń kọ sí tó bá sùn.

Bí a bá gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Mo mú irin kékeré tí mo fi ń tú aṣọ rírán, mo tú òwú orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Áà! Abẹ́ òwú kò gba èéfín sára. Nígbà tí mo tú u tán, orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀, funfun báláú lórí dúdú: ÀKỌ́BÍ. Ó wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ bá a.

"Màámi, ẹ má gbé e lọ."

"Òun ló sún mọ́ ògiri jù. Àbúrò rẹ ní láìsí i, ojú kan á fọ́ nínú iṣẹ́ náà."

"Ẹ jẹ́ kó fọ́. Èmi ni n ó wá iṣẹ́ mìíràn kiri, kì í ṣe òun." Ó wo aṣọ náà, ó yíjú kúrò. "Ṣé ojú fèrèsé mi lèyí ti wá lóòótọ́?"

"Níbẹ̀ ni."

"Ẹ má gbé e lọ, Màámi. Mo bẹ̀ yín."

Mo ní mo gbọ́. Kò tún sin mí dé géètì.

Àìkú, 9

Mo bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Kò wá. Mo pè é, kò gbé e. Àbíkẹ́yìn ò sọ pé kí n gbé aṣọ náà wá, kò sì sọ pé kí n má gbé e wá. Ó kàn ń fọ abọ́ kan náà ṣáá.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ mi ti wú, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ kí n tó sùn.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé áàpù sára ògiri, ó tóbi bí aṣọ ìkélé. Àbíkẹ́yìn fi ìka fa àárọ̀ kan kọjá, pupa gba òpópónà wa bó ṣe gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó wá sọ bí aṣọ ṣe jẹ́, láìfi àṣìṣe mi pamọ́. Èmi so aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ sórí okùn níwájú Alága. Ẹ̀kẹrìndínlógún wà nínú báàgì mi. Kí nìdí tí mo fi gbé e dání? Bí mo bá fi sílé, ọkàn mi ò ní wà nínú mi.

Ọ̀gbẹ́ni Táì dìde. "Mà, aṣọ kì í ṣe sáyẹ́ǹsì."

Mo já ti ilé ìwé kúrò lórí okùn, mo nà án sí i. "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Aṣọ lásán ni. Ẹ bá mi fi bo imú yín fún ìṣẹ́jú kan."

Ó sún sẹ́yìn. Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Alágogo ní, "Ẹ gbà á, ọ̀gá, afẹ́fẹ́ ẹ ṣáà mọ́!"

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò kéré. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní, "Alága, ẹ wo àwọn aṣọ yìí dáadáa. Kò sí ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ ògiri wa. Àwọn tó sún mọ́ wa jù ò ráhùn. Àwọn tó jìnnà ló ń pariwo. Kí nìdí?"

Àwọn òṣìṣẹ́ wọn jókòó lẹ́yìn, gbogbo wọn nínú aṣọ iṣẹ́. Àkọ́bí wà láàárín wọn. Ó wo báàgì mi. Ó mọ̀. Ọwọ́ mi ti wọnú báàgì, ìka mi ti kan rọ́bà rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wò mí, ó sì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fa ọwọ́ mi jáde lófìfo, mo sì dìde.

"Alága, ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ògiri wọn, àwọn ló ń sanwó oṣù fún un. Kò lè ráhùn. Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ mọ bí inú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣe rí, kó dákẹ́ kó fetí sí wọn bí wọ́n ṣe jókòó yẹn."

Alága náà dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Láti ẹ̀yìn, ikọ́ kan sọ. Òmíràn gbè é. Ọ̀kan lára wọn gbìyànjú láti pa tirẹ̀ mọ́, ó wá le jù. Mo mọ ikọ́ ọmọ mi nínú wọn. N kò yíjú.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní wọn ò tíì ní dá iná kejì. Ìgbìmọ̀ fúnra wọn á kọ́ Imú tiwọn sára ògiri ilé ayọ́rin, wọ́n á sì tún jókòó níparí oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, kó gbé e wá lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé a ṣẹ́gun tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé pátákó yẹn kúrò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú géètì kọjá wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn jù.

Àbámẹ́ta, 15

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Omi tó ń ti orí páànù ṣàn wálẹ̀ dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó mọ́. Àbíkẹ́yìn ń pè mí kí n wá wo áàpù, àwọ̀ ewé tòótọ́ ni, láìsí aṣọ.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Àkọ́bí, mo fi í sínú páálí kan, Oníbúrẹ́dì á bá mi fún un nígbà tó bá ń gbé búrẹ́dì lọ sí géètì wọn lálẹ́ yìí. Mo dà á kọ síbí, kí n má baà máa rò ó lóru bóyá mo sọ ọ́ dáadáa:

"Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí àyà rẹ, Àkọ́bí mi, ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Aṣọ ojú fèrèsé rẹ ló wà nínú páálí yìí. N kò fọ̀ ọ́. N kò fi han ẹnikẹ́ni, bí o ṣe bẹ̀ mí. Ìwọ lo ni ín. Bí o bá fẹ́, jó o. Bí o bá fẹ́ gbé e dìde níparí oṣù tó ń bọ̀, n ó jókòó tì ọ́, àbúrò rẹ á jókòó tì ọ́ lápá kejì, bí wọ́n bá sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, maṣíìnì mi á bọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí ìwọ yóò fi rí òmíràn. Mo ti bọ́ yín lórí rẹ̀ rí. N kò bẹ̀rù wọn. Má bẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n èyíówù tí o bá yàn, ọmọ mi ni ọ́, àwo rẹ wà lórí tábìlì lọ́la. Àbúrò rẹ ti gbé kọ̀ǹpútà kúrò níbẹ̀, n kò sọ fún un. Bí o kò bá lè wá, kọ nǹkan sí mi, ì báà jẹ́ ìlà kan, fi rán Oníbúrẹ́dì láàárọ̀ ọ̀la. Kọ ọ́ kí ikọ́ tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ. Má jẹ́ kó pẹ́."